Páálí Bàtà Tó Sùn sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń wo iṣẹ́ lọ wo iṣẹ́ bọ̀ bí ẹni ń wọn bàtà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe. Ó dáa. Mi ò ṣe dókítà, mi ò ṣe nọ́ọ̀sì, mi ò sì ṣe lọ́yà. Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an ò mọ orúkọ tí wọn ó pe iṣẹ́ mi títí dòní. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jẹ́ akọ̀wé fún ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwọn obìnrin Júù dá sílẹ̀ ní Prince George's County, ìjọba ìbílẹ̀ tí a wà níbí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin, wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn obìnrin sílẹ̀ kí wọ́n lè dìbò. Bí ẹ bá ń retí ìtàn ẹni tó ṣẹ́gun, ẹ má bínú o. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, òun náà ló sì gbẹ̀yìn tèmi.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo ti tẹ̀wé ní sẹkitéríàtì n'Íbàdàn kí n tó wá sí Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2000, ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn obìnrin kan nítòsí Beltsville ń wá ẹni tó mọ̀wé tẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó náà kò pọ̀, ebi ò sì pa wá. Ó tán.

Ọ̀gá mi ni Míríámù. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, obìnrin kúkúrú, irun rẹ̀ funfun báláú, bàtà kánfáàsì ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Tíṣà ló fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ̀ pé tíṣà kì í fẹ̀yìn tì tán. Lọ́jọ́ kìíní ló ti ní kí n máa pe òun ní Míríámù. Mo ní, "Háà, Mà, mi ò lè ṣe é. Ẹ ju ìyá mi lọ." Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ta ló bi ẹ́ léèrè ọjọ́ orí mi?" "Mà" ni mò ń pè é títí ó fi kúrò níbẹ̀, kò sì jẹ́ mọ́ ọn lára.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n jókòó tẹ ìwé kankan. Tábìlì kékeré kan àti báírò dúdú ló kó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ dúró síwájú ilé ìtajà ní Temple Hills, kí n máa bi àwọn obìnrin tó ń kọjá bóyá orúkọ wọn ti wà nínú ìwé ìdìbò. Òun á jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, á máa fi aago ṣọ́ mi. Ẹ sì mọ̀ wá. Bí obìnrin ilé wa kan bá ti yọ, mo ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kú ọ̀sán Mà, ẹ kú oòrùn, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, ìlú wo lẹ ti wá gan-an?" Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìbò, áásìkiriìmù tí obìnrin náà rà ti yọ́ sínú láílọ́ọ̀nù.

Míríámù sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. "Ìṣẹ́jú mọ́kànlá lo lò lórí ẹnìkan. Àwọn mẹ́sàn-án ti kọjá."

Mo ní, "Mà, nílé wa, a kì í ṣàdédé béèrè nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn láìkí i."

Ó ní, "Kí i. Mi ò ní kó o má kí i. Ṣùgbọ́n sọ ohun tó o wá sọ kó tó lọ."

Ọmọ mi, bí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sórí bí mo ṣe gbé e sétí, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ó le! Bí báírò búlúù bá kan fọ́ọ̀mù, á ya á. Bí ó bá rí ife tíì lórí tábìlì tí fọ́ọ̀mù wà, ogun dé. A ò gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè ta ló fẹ́ dìbò fún. Nígbà kan, mo gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ obìnrin kan ní Forestville, mi ò rí i pé kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Míríámù fi ìka gún ibẹ̀. "Dá a padà lọ bá a." Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀, mo dé ibẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n rì bọ omi. Obìnrin náà wò mí, ó ní ṣé nítorí ìlà kan ṣoṣo ni mo ṣe rìn jìnnà tó báyìí. Mo ń kùn bí oyin nígbà tí mo ń bọ̀. Nígbà tí mo wọlé, Míríámù ti po tíì gbígbóná sílẹ̀ dè mí, lórí tábìlì tí kò sí fọ́ọ̀mù. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe bébà lo mú dání yẹn. Ẹnu ẹnìkan ni. Fọ́ọ̀mù kì í sùn sílé. Ọjọ́ tó o bá gbà á ni kó o gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìbò."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ká tó ti ọ́fíìsì kí oòrùn tó wọ̀, torí pé Sábáàtì wọn ti ń wọlé, á gé búrẹ́dì kan tí wọ́n dì bí irun fún mi. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kì í bá mi wí. Mo sọ òwe wa kan fún un lọ́jọ́ Ẹtì kan, pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó pariwo! Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sókè tábìlì mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó sábẹ́ òwe ara mi.

Ọdún kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lọ sí ìpàdé. Ẹgbẹ́ wa ń bẹ àwọn aṣòfin county pé kí wọ́n fi kún ilé ààbò fún àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù. Obìnrin Yorùbá kan gbà láti wá jẹ́rìí, wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Ó dìde, ó ní, "Ó ń lù mí bí ẹni lu ejò. Ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó mi lápá." Mo wo gbogbo àwọn òyìnbó tó jókòó yí wa ká, ojú gbà mí tì. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó ní àìgbọ́ra-ẹni-yé díẹ̀ wà láàárín òun àti ọkọ òun.

Míríámù dìde fùú. "Obìnrin yìí fi ìṣẹ́jú márùn-ún sunkún, ìwọ fi gbólóhùn kan sọ ọ́? Tún un sọ." Mo tún un sọ bó ṣe wà.

Nínú mọ́tò, ó béèrè lọ́wọ́ mi, "Ta lò ń dáàbò bò?"

Mo ní, "Mà, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni."

Ó ní, "Apá rẹ̀ tó jó yẹn ńkọ́? Ilé baba ta nìyẹn?"

Mo sunkún délé, mo sì rò pé mo ti kọ́gbọ́n. Irọ́ ni.

Iṣẹ́ ń yí padà nígbà yẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, káàdì kéékèèké la fi ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn obìnrin, títí kan àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì mi, a tò wọ́n sínú àpótí onígi kan. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ẹnìkan á pe ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́ta á pe mẹ́sàn-án. Mo mọ ohùn gbogbo wọn, mo mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kọ̀ǹpútà wá dé. Mo tẹ gbogbo orúkọ sínú rẹ̀, inú mi dùn, àfi bí ìyàwó tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún. Díẹ̀díẹ̀ ni a ò pe ènìyàn mọ́, a kàn ń fi ìméèlì ránṣẹ́. Míríámù ní kí n má da àwọn káàdì yẹn nù. Mo rò pé àgbà ló ń dà á láàmú.

Ọdún 2008 dé, ọdún ìbò ńlá yẹn. Ẹ bi àwọn òbí yín, wọ́n á sọ bí ara gbogbo ènìyàn ṣe gbóná ní county yìí. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì mi ní Temple Hills ní kí n wá fi orúkọ wọn sílẹ̀. Nínú wọn ni Màmá Tolú wà. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ọ̀dọ̀ Tolú ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń gbé ní Forestville. Ọdún yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, àkọ́sórí ló kọ́ gbogbo ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n fi ń di ọmọ ilẹ̀, ó sì yege.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, nílé, bí ìbò bá dé, àbúrò ọkọ mi ló máa ń gba káàdì gbogbo àwa obìnrin agboolé, á ní òun á bá wa tẹ̀ka. Mi ò dìbò rí láyé mi. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́, kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é kí n tó kú."

Mo ní, "Ẹ ó ṣe é, Mà. Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù kẹwàá ni gbígba fọ́ọ̀mù máa parí, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, Míríámù pè mí. Ó ní, "Gbọ́ dáadáa. Monday jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ọ́fíìsì ìbò ò ní ṣí. Tuesday ni Àjọ Àgọ́ wa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mímọ́ ni, èmi ò ní wakọ̀, mi ò ní fọwọ́ kan fóònù. Gba tàwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ lọ́jọ́ Sunday, kó o gbé e lọ ní Tuesday láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ nìkan ló wà." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, mo gba fọ́ọ̀mù mọ́kànlélógójì. Mo yẹ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo tò wọ́n sínú páálí bàtà kan. Bí mo ṣe ń jáde lọ ni Ìyá Ìjọ wa pè mí. Ẹni ọ̀wọ̀ ni, òun ló gbà mí lálejò nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lo kó síbẹ̀ yẹn?" Mo ṣàlàyé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Háà, nǹkan ńlá lèyí o! Ṣé bí a ó ṣe gbé e jáde láìgbàdúrà sí i nìyẹn? Gbé e sórí pẹpẹ. Lọ́jọ́ Wednesday tí a bá péjọ, gbogbo ìyá á gbọ́wọ́ lé e, kó o tó wá gbé e lọ."

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé Tuesday ni. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. "Mà, Wednesday ti pẹ́ jù." Gbólóhùn kan ni! Èmi tí mò ń kọ́ obìnrin pé kí wọ́n lanu, mo kúnlẹ̀ síwájú àgbà, mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Mo gbé páálí bàtà náà sórí pẹpẹ. Mo ń sọ fún ara mi pé màá yọ́ wá gbé e lọ́wọ́ wọ́ọ̀dìn tó ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Tuesday, Ìyá Ìjọ kò ní mọ̀, inú ẹnikẹ́ni ò ní bàjẹ́.

Tuesday dé, mo lọ. Ilẹ̀kùn tì gbọingbọin. Mo pe wọ́ọ̀dìn, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ibi iṣẹ́ tí wọn kì í ti í gbé fóònù wọlé ló wà. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ. Mo jókòó sínú mọ́tò mi, mo tẹ nọ́ńbà wọn, mo pa á. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mo ti gbà lẹ́nu tí mi ò gbà nínú? Báyìí ni aago mẹ́wàá ṣe di méjìlá, méjìlá di mẹ́ta, tí mo ń retí wọ́ọ̀dìn.

Nígbà tó di aago mẹ́rin kọjá, ẹ̀rù bà mí, mo wakọ̀ lọ sílé Míríámù. Ó wà lẹ́yìnkùlé, nínú àgọ́ tí wọ́n fi ewé àti ẹ̀ka igi bò lórí, òun àti àwọn àlejò rẹ̀. Ó rí ojú mi, ó gbé ife sílẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ṣé o sọ fún un pé Tuesday ni?"

"Rárá, Mà."

"Kí ló dé?"

"Àgbà ni, Mà."

Ó dijú. Mi ò tíì rí i kó rẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Dákẹ́ ná. Èmi ò lè ṣe ohunkóhun lónìí, ìwọ lè ṣe é. Kọ́kọ́ pe obìnrin náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, lọ sí ọ́fíìsì, kó àwọn káàdì àtijọ́ jáde, pe àwọn obìnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní mọ́tò, kó lọ kọ fọ́ọ̀mù mìíràn ní ọ́fíìsì ìbò kó tó di aago mẹ́sàn-án. Dìde!" Àwọn àgbà wa náà sọ ọ́, bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Mo pe Ìyá Ìjọ. Wọ́n ní, "Yéè! Mo ti wà ní Virginia lọ́dọ̀ ọmọ mi, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì mi. Láàárọ̀, ilé ni mo wà. Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday? Ṣé mo máa jẹ ọ́ ni?"

Ṣé wọ́n máa jẹ mí ni.

Mo fi àwọn káàdì àtijọ́ pe gbogbo wọn. Ẹni mẹ́tàdínlógún sáré débẹ̀. Mẹ́rìnlélógún ò lè dé. Màmá Tolú wà lára wọn. Ó ti lọ bá arúgbó kan ṣeré ní Beltsville, kò ní fóònù alágbèéká, Tolú sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Fóònù ilé wọn kàn ń dún ni.

Mo bẹ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan bú mi, mo gbà á. Mi ò lè sọ fún Màmá Tolú. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, á ní, "Lọ́yà ìbò mi, ó ku ọjọ́ mélòó?"

Lọ́jọ́ ìbò, ó wọ ìró àti bùbá tuntun, èmi ni mo wakọ̀ gbé e lọ. Wọ́n wá orúkọ rẹ̀ títí. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé pé orúkọ rẹ̀ kò sí, pé àwọn lè fún un ní ìwé ìbò tí wọ́n ń fi sínú àpòòwé, tí wọ́n á yẹ̀ wò lẹ́yìn ìbò, àmọ́ pé ó lè má wọlé.

Màmá Tolú dojú kọ mí. "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní kẹ́ ẹ fi tiyín sínú àpòòwé, Mà. Tàwọn àgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀."

Ojú rẹ̀ tàn. Ó jókòó, ó fi báírò kun àyè ẹni tó yàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ahọ́n yọ létè bíi ti ọmọ iléèwé. Nígbà tá a jáde, ó lẹ sítíkà "Mo ti dìbò" tí wọ́n fún un mọ́ bùbá, ó ń jó lẹ́bàá mọ́tò. Mo bá a jó. Olúwa, dárí jì mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó gbé lẹ́tà kan wá sílé mi kí n bá a kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, nítorí náà wọn kò ka ìbò rẹ̀. Mo wò ó, mo ní, "Wọ́n ní ẹ ṣeun, Mà. Wọ́n rí tiyín gbà." Ó gba lẹ́tà náà padà, ó rọra ká a sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Míríámù ò lé mi, ì bá lé mi, ì bá sàn fún mi. Ara rẹ̀ ò le mọ́, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ní kí n máa jókòó lórí àga òun. Mo jókòó síbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn fún un rí.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á lé e bá. Tèmi ò tó ọdún kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tolú gbé àpòòwé kan fún mi. Ó ní, "Àńtí, Mọ́mì ní kí n kó èyí fún yín."

Lẹ́tà yẹn ló wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Tolú, èmi ni mo parọ́ fún wọn. Wọn ò mọ̀."

Tolú mi orí. "Wọ́n mọ̀, Àńtí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ yín dé ni wọ́n ní kí n tún un kà fáwọn. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín, pé ojú á tì yín."

Káàdì kékeré kan bọ́ sílẹ̀ nínú àpòòwé náà. Mo mú un. Káàdì ìdìbò ni, orúkọ Màmá Tolú wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Mo béèrè ta ló bá wọn ṣe é.

"Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ gba fọ́ọ̀mù, èmi ni mo bá wọn kọ ọ́, àwọn ni wọ́n gbé e dé ọ́fíìsì ìbò lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní àwọn á dúró de ìbò tó ń bọ̀."

"Kí ló dé tí wọn ò gbé e fún mi?"

Tolú wo ilẹ̀. "Mo bi wọ́n bẹ́ẹ̀, Àńtí. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni yín, pé ẹ kàn jẹ́ ẹni tí kì í lè sọ òótọ́ fún àgbà ni."

Ẹ yan iṣẹ́ tó bá wù yín, ẹ̀yin ọmọ. Káàdì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo máa ń mú un jáde lọ́jọ́ ìbò. Ó mọ́ tónítóní, torí Màmá Tolú ò lò ó rí.